Àrùn Tí Ń Mú Ọwọ́ Gbọ̀n

Nígbà tí Muhammad Ali, ọkùnrin tí ó mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn ju gbogbo ayé lọ, wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1964, ta ni ìbá rò pé ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lè gbọ̀n láéláé? Ní 1984 àwọn oníṣègùn sọ fún un pé àrùn Parkinson ni ó ń ṣe é. Dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, James Parkinson, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé àrùn náà yékéyéké, ní 1817.

Lóòótọ́ ọwọ́ ni à ń rí, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni àrùn wà. Ibì kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ni ó ń ṣe oje tí à ń pè ní dopamine, èyí tí ń jẹ́ kí àṣẹ ọpọlọ dé ara geere. Bí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bá ń kú díẹ̀díẹ̀, oje a dínkù, ara a sì lọ́ra.

Ọwọ́ tí ó simi lórí itan ni ó ń gbọ̀n, bí ẹni ń yí ìlẹ̀kẹ̀ láàárín ìka. Bí ó bá nà án láti mú ife, gbígbọ̀n náà a rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ a máa wọ́, ìwé tí ó bá kọ a sì máa kéré sí i. Ojú a le bí ojú ère. Níbẹ̀ ni àwa tí ara wa dá ti ń ṣe àìdára: a ó ní bàbá ń bínú, tàbí pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kí ó dá wa lóhùn, tàbí pé ayé ni ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ohùn ni ó rẹlẹ̀, iṣan ojú ni ó le. Inú rẹ̀ lè máa dùn sí wa.

Ẹni tí yèrèpè ti yún rí kò lè gbàgbé rẹ̀. Síbẹ̀ nínú hóró rẹ̀ ni levodopa wà, ohun kan náà tí ó wà nínú oògùn àrùn yìí. Bí ó bá dé ọpọlọ, a di dopamine. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ já a jẹ o! Dókítà ni ó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Kò sì lè jí sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú dìde.

Ẹni tí ń gbé Okota kò níláti lọ jìnnà kí ó tó rí oníṣègùn ọpọlọ: ilé-ìwòsàn Yunifásítì Èkó wà ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo, tí ń kọ́ni ní Yunifásítì náà, wà lára àwọn tí ó kéde ní 2023 pé àwọn rí ohun àjogúnbá kan tí ń mú àrùn yìí súnmọ́ àwa ọmọ adúláwọ̀, èyí tí a kì í sábà rí lára òyìnbó.