Ibi márùn-ún tó yani lẹ́nu ní Niger, àti ìdí tó fi ṣòro láti fi ọkọ̀ dé ibẹ̀ báyìí

Odò tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrẹsì Kirkissoye ní ìlú Niamey, tíí ṣe olú ìlú Niger, kì í ṣe àjòjì sí ọmọ Yorùbá. Odò Ọya ni. Omi kan náà ló ń gba Jẹ́bbà àti Lọ́kọ́ja kọjá kó tó wọ inú òkun.

Apá ọ̀tún odò náà ni Kirkissoye wà. Lọ́dún 2020, nígbà tí odò kún àkúnya, omi ya wọ ilé àti oko ní àdúgbò náà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ rin Niger já lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí. Apá ọ̀tún odò yìí náà ni ọ̀nà tó lọ sí gúúsù, sí ìlú Say, gbà. Afárá Kennedy, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1970, ló sì ń gbé èèyàn kọjá sí àárín ìlú àti àwọn ọ̀nà tó kù.

Kí wá ni ẹni náà máa rí lójú ọ̀nà?

1. Àgùnfọn tí kò sí nínú ọgbà

Ẹni tó bá gba Cotonou, Malanville àti Dosso wá sí Niamey ti gba Kouré kọjá, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀. Ìlú kékeré yìí kò ju nǹkan bíi 60 km sí Niamey lọ.

Ibẹ̀ ni àwọn àgùnfọn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó kẹ́yìn nínú ìgbẹ́ fara pamọ́ sí. Lọ́dún 1996, 49 péré ló ṣẹ́kù. Lẹ́yìn tí ìjọba fòfin de pípa wọn, tí àwọn ará abúlé náà sì gbà láti máa bá wọn gbé, wọ́n ti pọ̀ tó nǹkan bíi 600.

Kò sí ọgbà tó yí wọn ká. Àárín oko jéró àti oko ẹ̀wà ni wọ́n ti ń jẹ̀. Lọ́dún 2018, wọ́n fi ọkọ̀ kó mẹ́jọ nínú wọn lọ sí Gadabedji, níbi tí irú wọn ti parẹ́ tipẹ́.

2. Odò tó kọ lẹ́tà W

Nǹkan bíi 150 km sí gúúsù Niamey, Odò Ọya ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ títí tó fi jọ lẹ́tà W. Ibẹ̀ ni Páákì W ti gba orúkọ rẹ̀.

Niger, Benin àti Burkina Faso ló jọ ni ín. Erin, ẹfọ̀n, erinmi àti kìnnìún ló ń gbé inú rẹ̀. Lọ́dún 1996 ni àjọ UNESCO fi apá ti Niger sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun ìní àjùmọ̀ní àgbáyé.

3. Mọ́ṣáláṣí alámọ̀ ní Agadez

Ó tó nǹkan bíi 900 km láti Niamey dé Agadez, ẹnu ọ̀nà aṣálẹ̀ Sahara. Láti ọ̀nà jíjìn lèèyàn ti máa ń rí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 27 mítà.

Lọ́dún 1515 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1844. Àwọn igi tó yọ síta lára ògiri náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Orí wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi amọ̀ tún un rẹ́.

4. Igi tó dá wà jù lọ láyé

Ní aṣálẹ̀ Ténéré, igi kasíà kan dá dúró níbi tí kò ti sí igi mìíràn fún ohun tó ju 150 km lọ. Òun ni àwọn tó ń kó iyọ̀ sórí ràkúnmí fi ń mọ ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ ju 30 mítà lọ kó tó kan omi.

Lọ́dún 1973, awakọ̀ ẹrù kan, tí ìròyìn sọ pé ó ti mutí yó, kọlù ú, igi náà sì wó. Irin tí wọ́n ṣe bí igi ló dúró níbẹ̀ báyìí.

5. Bàálù tí wọ́n fi òkúta tò sórí iyanrìn

Ní September 19, ọdún 1989, bọ́ǹbù bú gbàmù nínú bàálù UTA 772 tó ń ti Brazzaville gba N'Djamena lọ sí Paris. Orí Ténéré ló já sí. Gbogbo èèyàn 170 tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Lọ́dún 2007, àwọn ẹbí wọn fi òkúta dúdú to àwòrán bàálù náà sórí iyanrìn, wọ́n sì fi dígí fífọ́ 170 yí i ká, ọ̀kan fún olóògbé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé apá bàálù náà gan-an nàró síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí àwòrán Google Earth lè rí i láti òkè.

Kí ló dé tí àlejò fi wọ́n níbẹ̀?

Nígbà kan, bàálù àwọn arìnrìnàjò afẹ́ máa ń ti Faransé balẹ̀ tààrà sí Agadez. Ọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007 ba ìyẹn jẹ́, àwọn agbésùmọ̀mí sì tún dé.

Ní August 2020, àwọn agbébọn pa èèyàn mẹ́jọ ní Kouré, mẹ́fà ọmọ Faransé àti méjì ọmọ Niger. Afinimọ̀nà wọn wà lára àwọn tó kú.

Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba July 2023, ẹnubodè náà dí. Nígbà tí ECOWAS gbé ìjìyà kúrò ní February 2024, Niger kọ̀ láti ṣí apá tirẹ̀ sí Benin. Ọ̀pọ̀ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ló ń kìlọ̀ fún aráàlú wọn pé kí wọ́n má rìnrìnàjò lọ sí Niger.

Afinimọ̀nà tó ń fi àgùnfọn han àlejò àti alágbẹ̀dẹ fàdákà Agadez ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dùn. Bí àlejò kò bá wá, ọjà kò tà.

Ọ̀nà àbùjá

Ibì kan ṣì kù. Ní December 18, ọdún 1959, Niger ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ sí àárín Niamey. Boubou Hama, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Pablo Toucet, awalẹ̀pìtàn ọmọ Spain, ló kọ́kọ́ ṣe alábòójútó rẹ̀.

Erò wọn ni láti kó Niger jọ sójú kan. Ilé ìbílẹ̀ àwọn Hausa, Zarma àti Tuareg wà nínú ọgbà kan náà. Egungun dinosaur tí wọ́n wú nínú aṣálẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọgbà ẹranko, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lójú àlejò.

Igi Ténéré náà wà níbẹ̀. Láti November 1973 ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ wá.

Ọmọ Kirkissoye tí kò tíì lè dé aṣálẹ̀ lè lọ wò ó. Afárá kan péré ló máa sọdá.