EEGUN WA DÀBÍ KÓLÓ

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé eegun dàbí òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Eegun 206 ni ó wà nínú ara àgbàlagbà, alààyè sì ni gbogbo wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún ara wọn ṣe.

Kí ni ó ń mú eegun le? Èròjà kan ni, tí à ń pè ní kálísíọ̀mù. Inú oúnjẹ ni a ti ń rí i. Bí a bá pín kálísíọ̀mù ara wa sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 99 ni ó wà nínú eegun àti eyín. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ń fẹ́ díẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá fún un, ara á lọ yọ ọ́ nínú eegun, bí ẹni ń yọ owó nínú kóló. Ẹni tí ó ń yọ tí kò fi kún un, ṣé kóló rẹ̀ kò ní ṣófo?

Ẹ wo àwọn ọmọ kan ní ìlú Jos tí ẹsẹ̀ wọn wọ́. Òótọ́ ni pé oòrùn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba kálísíọ̀mù inú oúnjẹ. Ṣùgbọ́n oòrùn kò wọ́n ní ilẹ̀ wa! Ní ọdún 1999, àwọn dókítà ròyìn pé kálísíọ̀mù ni kò tó nínú oúnjẹ àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní kálísíọ̀mù, eegun wọn bẹ̀rẹ̀ sí sàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ àti ẹ̀bà ń yó ọmọ, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú wọn kéré. Ẹ fi wàrà, ewédú àti edé kún un. Ẹ lọ ẹja kéékèèké gbígbẹ pọ̀ mọ́ eegun rẹ̀ kí ó kúnná, kí ẹ bù ú sí ọbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ lè wọ́ díẹ̀, kí ó sì tọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ju ọdún méjì lọ tí ẹsẹ̀ ṣì wọ́, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Oúnjẹ nìkan kò tó. Eegun tí a kò lò á fúyẹ́. Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ fún oṣù púpọ̀, eegun rẹ̀ á dínkù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á máa rìn, kí á máa jó, kí ọmọ máa sáré.

Títí di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni eegun ń kó agbára jọ. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dínkù, pàápàá lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí á tètè fi sí kóló.