Ọmọ Tí Ọgbọ̀n Ẹgbẹ́ Kò Pè

Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, ọgbọ̀n ẹgbẹ́ tó ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù ní ipò tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣe ètò tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún: wọ́n pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù láàárín ara wọn. Ìpele àádọ́ta ni ètò náà. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dárúkọ ọmọ kan, ẹgbẹ́ tó bá sì dárúkọ ọmọ ló láṣẹ láti bá a dúnàádúrà. Nígbà tí wọ́n fi ṣe tán, orúkọ tó jáde sún mọ́ 1,500. Orúkọ Stephen Strasburg kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, ó ń ju bọ́ọ̀lù fún iléèwé girama West Hills ní Santee, lẹ́bàá ìlú San Diego ní California. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹfà ọdún 2009, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè.

Àwọn tó rí i lọ́dún 2009, nígbà tí bọ́ọ̀lù ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọta ìbọn, máa ń sọ pé ẹ̀bùn àbínibí ni. Ẹ̀bùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yunifásítì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé ń sáré wá wò, iṣẹ́ náà nira, mi ò sì rò pé ì bá rí bẹ́ẹ̀ ká ní ẹgbẹ́ kan ti tètè mú un lọ ní 2006.

Fún àwa tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti gba gbogbo ọkàn wa, ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé eré yìí. Ajubọ́ọ̀lù dúró lórí òkìtì kékeré kan. Onígi dúró ní iwájú rẹ̀, nǹkan bíi mítà méjìdínlógún ló wà láàárín wọn. Bí onígi bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta láti gbá bọ́ọ̀lù tó yẹ kí ó gbá, wọ́n ti lé e nìyẹn. Àwọn tó wà nínú pápá náà lè lé e, bí ọ̀kan nínú wọn bá há bọ́ọ̀lù tó gbá sókè kó tó balẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ajubọ́ọ̀lù fi ń yangàn ni kí òun fúnra rẹ̀ lé onígi. Ní odindi eré kan, ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n gbọ́dọ̀ lé onígi ẹgbẹ́ kejì. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Kí ni wọn kò rí lára rẹ̀ ní girama? Ká sọ òótọ́, ohun tí wọ́n rí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún wò. Nígbà tó ku ọdún kan kí ó jáde, eré kan péré ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó borí, wọ́n kọ mẹ́wàá sílẹ̀ pé ó pàdánù. Ọdún tó tẹ̀ lé e sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ara rẹ̀ ti wúwo tó nǹkan bíi kílò 113. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń sáré tó nǹkan bíi máìlì àádọ́rùn-ún ní wákàtí kan, èyí tí kò burú, ṣùgbọ́n irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní California. Ó kọ̀wé sí yunifásítì Stanford, Stanford kò gbà á. San Diego State, tó wà nítòsí ilé, ló gbà á.

Níbẹ̀ ló ti pàdé Dave Ohton, ẹni tó ń bójú tó ìdárayá àwọn eléré yunifásítì náà. Nígbà tí ìdárayá bẹ̀rẹ̀, Strasburg kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba; ó ń bì níbi tí àwọn yòókù ti ń sáré lọ. Ohton kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó fún un ní ìnagijẹ ọ̀lẹ, ó sì sọ fún un pé kí ó kúkú fi eré náà sílẹ̀. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ níbẹ̀ kí ó tó padà sílé ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìtàn wọn parí síbi tó dé yìí, kò sì sí ẹni tó máa ń kọ ọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ní àràmàǹdà kankan nínú. Ó sáré, ó gbé irin, ó yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Ó lé ní kílò mẹ́tàlá tó kúrò lára rẹ̀, bí ara sì ti ń fúyẹ́ ni bọ́ọ̀lù ń yára sí i.

Ọkùnrin tó jẹ́ olórí ikọ̀ náà ni Tony Gwynn. Onígi ni Gwynn, kò fi ìgbà kan jẹ́ ajubọ́ọ̀lù: ogún ọdún gbáko ló lò pẹ̀lú San Diego Padres, ìgbà 3,141 ló gbá bọ́ọ̀lù débi tó fẹ́ kó dé, kí ó tó padà wá kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì tóun náà ti jáde. Rusty Filter ló ń kọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀. Ní 2007, ọdún àkọ́kọ́ Strasburg, wọn kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ eré. Ìparí eré ni wọ́n ń fà á wọlé, kí ó wá lé onígi díẹ̀ tó kù. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó gbọ́n jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ọmọ tí èémí rẹ̀ kò tíì gùn, wọ́n gbé iṣẹ́ kúkúrú fún un, níbi tí ó ti lè fi gbogbo agbára rẹ̀ jù ú láìṣẹ́ ohunkóhun kù. Kí sáà yẹn tó parí, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti lé dáadáa ní máìlì àádọ́rùn-ún.

Ọdún kejì ni wọ́n wá gbé ìbẹ̀rẹ̀ eré lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2008, ikọ̀ yunifásítì Utah wá bá wọn. San Diego State borí pẹ̀lú 1 sí 0. Nínú ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n lé onígi lálẹ́ ọjọ́ náà, Strasburg nìkan ló lé mẹ́tàlélógún. Mẹ́rin péré ló kù fún gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni wọ́n bá ara wọn sọ lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ tó kàn dúró tí wọn kò rí nǹkan ṣe?

Nígbà tí Amẹ́ríkà ń kó ikọ̀ jọ fún ìdíje Òlíḿpíìkì ní Beijing lọ́dún yẹn, òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Davey Johnson mú. Àwọn yòókù ti ń gbowó nídìí eré. Àwọn ará Netherlands kò rí i gbá fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n Kúbà nà án nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá, Amẹ́ríkà sì gba bàbà.

Ọdún 2009 ni ọdún tí pápá San Diego State kò gbèrò mọ́. Àwọn tó ń wá ọmọ kiri fún ẹgbẹ́ ńlá tò sẹ́yìn onígi pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára, ẹ̀rọ náà sì ń kọ ohun tó lé ní máìlì ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún, ikọ̀ Air Force kò rí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo gbá sílẹ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ó lé mẹ́tàdínlógún nínú wọn fúnra rẹ̀. Ní gbogbo sáà náà, ó borí nínú eré mẹ́tàlá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pàdánù, sọ́wọ́ Virginia, ìyẹn náà jẹ́ ní ìdíje àwọn yunifásítì gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí San Diego State kò ti dé láti 1991.

Washington Nationals, tó ti pàdánù eré 102 lọ́dún 2008, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ yàn. Kò sí àríyànjiyàn. Owó ló mú àríyànjiyàn wá. Scott Boras, aṣojú rẹ̀, fa ọ̀rọ̀ náà títí di alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àkókò pé. Mílíọ̀nù 15.1 dọ́là fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n fẹnu kò sí. Wọn kò tíì san irú rẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn rí. Láti ọdún 2012, òfin tuntun kò gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láyè mọ́.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2010 ló kọ́kọ́ wọ pápá ńlá, lòdì sí Pittsburgh. Èrò tó lé ní ọ̀kẹ́ méjì wá wò ó. Ó lé onígi mẹ́rìnlá, kò fún ẹnikẹ́ni ní ààyè ọ̀fẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, iṣan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fàya, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní oṣù kẹsàn-án. Ó tó ọdún kan kí ó tó tún gun òkìtì náà, nígbà tí Davey Johnson ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Washington.