Wọ́n Ti Gé Igi Ńlá Inú Àgbàlá: Kí Ló Kàn?

Tí ọyẹ́ bá ti ń lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ kù díẹ̀ kó dé, ariwo ẹ̀rọ agégi máa ń gba àdúgbò kan lágbègbè wa, láti Ọ̀wọ̀ dé Ìpele, títí dé Ìfọ̀n àti Ìdóàní. Ẹ̀rù ìjì ló ń ba àwọn onílé. Ìjì tó ń ṣáájú òjò lè ya ẹ̀ka máńgòrò lu páànù, kó sì ba òrùlé jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Torí náà, wọ́n á pe àwọn agégi, wọ́n á dúnàádúrà, igi á wó, wọ́n á kó pákó lọ. Ó parí nìyẹn, àbí?

Kò tíì parí o. Àgbàlá yẹn á wá rí bí ẹnu tí eyín iwájú ti ká. Oòrùn á máa jó ilẹ̀, kùkùté á jókòó sáàárín bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, ará ilé á sì máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kúkú da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀." Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ra sìmẹ́ńtì rèé: igi yẹn ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá yín, ó sì fi apá kan ara ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Tí ẹ ò bá wá nǹkan tó máa gba iṣẹ́ náà ṣe, tí ẹ ò sì ní sùúrù fún ohun tó ṣẹ́ kù, ilé ló máa jìyà ẹ̀.

Igi lọ, gbòǹgbò kù

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí igi ṣe ga tó lókè ni gbòǹgbò ẹ̀ ṣe jìn tó nísàlẹ̀. Rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò wà láàárín nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ pọ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ ló ń nà sí, ó sì máa ń nà kọjá ibi tí ẹ̀ka dé.

Tí igi bá ti kú, olú àti àwọn kòkòrò àìfojúrí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbòǹgbò náà. Bó ṣe ń jẹrà, ihò á máa ṣẹ́ kù níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ orí ẹ̀ á sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Mo mọ àgbàlá kan ní Ìpele tí wọ́n to íńtálọ́ọ̀kì sí lóṣù tí wọ́n gé igi gan-an. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, ó ti rì ní ìlà-ìlà, àwọn ìlà náà tàn láti ojú kan bí ìka ọwọ́. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé àwòrán gbòǹgbò ni.

Ikán náà ò ní ṣaláì dé. Tí kùkùté bá sún mọ́ ilé, ikán tó ń jẹ ẹ́ lè gba abẹ́ ilẹ̀ dé férémù ilẹ̀kùn, kó sì gùn ún dé igi òrùlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ẹ fẹ́ kí kùkùté tètè kú kẹ́ ẹ da ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú sí i, ẹ má sì fi táyà sun ún. Mẹ́táàlì olóró wà nínú ọ́ìlì yẹn. Òjò lè gbé e wọ inú kànga, kànga yẹn náà sì ni ìyá yín ń pọn omi nínú ẹ̀.

Ilẹ̀ tí ebi ń pa

Lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn tú sílẹ̀ dà bí ajílẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ bá gbìn síbẹ̀ lè pọ́n rúsúrúsú. Ìdí ẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ igi nílò náítírójìn. Oúnjẹ tó bá wọn lára mu máa ń ní nǹkan bíi kábọ́ọ̀nù 25 sí 30 fún náítírójìn 1. Ti lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń ju igba lọ fún 1! Nítorí náà, wọ́n á fa náítírójìn inú ilẹ̀ mọ́ra, ẹ̀fọ́ yín á sì pàdánù.

Ẹ fi lẹ́búlẹ́bú náà sílẹ̀ lókè ilẹ̀, níbi tó ti máa dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà. Àwọn bakitéríà tó ń gbé inú kókó ara gbòǹgbò wọn ló ń mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́.

Tó bá jẹ́ ìrókò ńkọ́?

Àwọn àgbà wa kì í gé ìrókò bẹ́ẹ̀ ṣáá, wọ́n á ṣètùtù kí wọ́n tó fi àáké kàn án. Sáyẹ́ǹsì náà rí ohun ìyanu kan lára ẹ̀. Lọ́dún 2004, Guillaume Cailleau, Olivier Braissant àti Eric Verrecchia, láti yunifásítì Neuchâtel ní Switzerland, gbé ìwádìí jáde lórí ìrókò ní Côte d'Ivoire. Wọ́n rí i pé kálísíọ́mù ósálétì tí ìrókò ń ṣe máa ń di oúnjẹ fún bakitéríà, bakitéríà á sì sọ ọ́ di òkúta funfun bí ẹfun, nínú igi àti nínú ilẹ̀. Òkúta yìí ló máa ń ká eyín ayùn àwọn agégi.

Nítorí èyí, ilẹ̀ abẹ́ ìrókò kì í ní ásíìdì tó ilẹ̀ tó yí i ká. Tó bá jẹ́ ìrókò lẹ gé, ẹ má da eérú sí ojú ibẹ̀, torí eérú náà ń dín ásíìdì kù. Ẹ fọ́n ọn síbòmíì.

Ìmọ̀ràn ti London kọ́ ni tiwa

Tẹ́ ẹ bá wá ọ̀rọ̀ yìí lórí Google, wọ́n lè sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá gé igi, ilẹ̀ á wú, ilé á sì sán. Òótọ́ ni, ní London. Amọ̀ ibẹ̀ máa ń sún kì tí igi bá fa omi inú ẹ̀, ó sì máa ń wú tí omi bá padà. Ọ̀dá ọdún 1976 fi ojú ọ̀pọ̀ onílé rí màbo níbẹ̀.

Amọ̀ tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ pupa tiwa, kaolinite ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ wú. Ewu tiwa ni òjò tó ń wọ́ ilẹ̀ lọ. Ewé igi ló ń gba ẹ̀ṣẹ́ òjò tẹ́lẹ̀, gbòǹgbò ló sì ń di ilẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó jẹ́ omi lítà 1. Tí àgbàlá yín bá gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 15, òjò mìlímítà 50 á da omi lítà 15,000 síbẹ̀. Ìyẹn táǹkì ńlá 15 tó ń gba lítà 1,000! Tẹ́ ẹ bá bo gbogbo ẹ̀ ní kọnkéré, ibo ni omi yẹn fẹ́ gbà? Ìpìlẹ̀ ilé yín ni, tàbí ti aládùúgbò.

Ètò tí èmi fara mọ́

*Kí òjò tó dé:* Ẹ gé kùkùté lọ sísàlẹ̀ ojú ilẹ̀, ẹ lu ihò sí i, ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ àti erùpẹ̀ bò ó, kẹ́ ẹ sì máa bomi rin ín kó lè tètè jẹrà. Ti ìrókò máa pẹ́, igi ẹ̀ le. Tíìkì, mẹ̀láínà àti dóńgóyárò máa ń sọ ọ̀mùnú, ẹ máa ṣẹ́ ẹ dànù.

Ẹ tún dán ilẹ̀ wò: ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ bu omi kún un. Tí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ yẹn ti dì, ẹ fi ọkọ́ tú u.

*Òjò ọdún kìíní:* Ẹ fi ẹ̀pà, ẹ̀gúsí tàbí ọ̀dùnkún bo ilẹ̀. Níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́, ẹ to ewé tíì ní ìlà tó dábùú ọ̀nà omi.

*Òjò ọdún kejì:* Ẹ máa dí ibi tó bá ń rì, kẹ́ ẹ sì máa gún un mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó ronú íńtálọ́ọ̀kì, ẹ má sì tò ó kọjá ibi tí ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ń gbà.

*Igi tuntun:* Ẹ gbìn ín o! Ewé ń lé omi jáde sínú afẹ́fẹ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí abẹ́ igi tutù ju abẹ́ páànù lọ. Ọsàn tàbí gúáfà dáa fún àgbàlá kékeré. Agbálùmọ̀ máa ń di igi ńlá, òun nílò àyè. Ẹ gbìn ín sí ìwọ̀-oòrùn ilé kó lè ṣíji bo ògiri lọ́sàn-án. Kó má sún mọ́ sókáwéè, kó má sì wà lórí kùkùté àtijọ́.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò, ẹ béèrè bí irú igi yẹn ṣe ń ga tó tó bá dàgbà, kẹ́ ẹ sì fi okùn wọn ibi tó máa ṣubú dé. Tí okùn náà bá kan òrùlé, ẹ sún un síwájú.