Ìrìn Wíwo Ẹyẹ Nínú Igbó àti Lórí Ọ̀dàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé, nítorí ẹyẹ ní ìyẹ́, ó lè gbé ibi tí ó bá wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò, oúnjẹ ẹyẹ igbó kò sì sí lórí ọ̀dàn. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé amọ̀nà ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ìbàdàn yẹ fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, nítorí ní ẹ̀bá ọ̀dàn ni a tẹ̀ ẹ́ dó, láti ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni IITA wà, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,000 hẹ́kítà, a sì dá igbó sí nínú rẹ̀.

Kí àwọn arìnrìn-àjò jáde kí oòrùn tó là, nítorí nígbà náà ni ebi ń pa ẹyẹ, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ tí ohùn fi ń lọ jìnnà. Kí wọn má ṣe wọ aṣọ funfun, kí wọn sì tò tẹ̀lé ara wọn láìsọ̀rọ̀. Nínú igbó, etí ni ó ń ṣáájú ojú: amọ̀nà a gbọ́ ohùn, a dúró, a sì nawọ́ sí ẹ̀ka igi. Àtíòro ń jẹ èso lókè, ó sì ń pọ kóró rẹ̀ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gbin igi. Bí orí bá bá wọn ṣe é, wọn a rí ẹ̀gà igbó kan tí ara rẹ̀ dúdú, tí akọ rẹ̀ sì pupa ní orí àti àyà. J. H. Elgood ni ó kọ ìwé nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1958, ó sì fi orúkọ Ìbàdàn pè é. Kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé àfi ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà.

Bí a bá ti jáde sí ọ̀dàn, ohùn a yí padà. Àparò ń ké nínú koríko, àwòdì ń rá bàbà lókè. Níbi tí màlúù bá sì wà, lékèélékèé ń tẹ̀ lé e láti ṣa tata tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ta sókè. Ẹ̀gà wà níhìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí tí àgbẹ̀ mọ̀ ni, elérèé pupa rúsúrúsú tí ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ya láti fi hun ìtẹ́.

Ẹ kíyèsí àwọn ẹ̀gà méjì yìí. Bí a ti ń gé igbó, ti oko ń rí ààyè sí i, ṣùgbọ́n ti igbó wà nínú ewu ìparun. Nítorí náà, nígbà tí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko, kí ó dá igi etí odò sí, kí ó má sì jẹ́ kí iná ré kọjá ààlà. Igi náà yóò ṣíji bo omi rẹ̀, ẹyẹ yóò sì rí ibi bà.