Ojú Ìsopọ̀ Kan Ṣoṣo

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri náà bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òòfà tí a tò sínú ihò roboto tí ó gùn tó kìlómítà 27, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, lẹ́bàá ìlú Geneva níbi tí Switzerland àti Faransé ti pààlà, ta ni yóò mọ gbogbo ibi tí ó ti lanu? Wíwá irú ibi bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ iná ní CERN, ilé iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ibẹ̀, ń ṣe kí Large Hadron Collider, abàmì ẹ̀rọ tí ń lé hóró tí ojú kò lè rí sáré fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ìmọ́lẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iná tí ń gba inú àwọn òòfà ńlá ibẹ̀ lè ju ámpíà 11,000 lọ. Irú iná bẹ́ẹ̀ ìbá yọ́ waya wọn bí òrí inú oòrùn, bí kò ṣe pé hílíọ́ọ̀mù mú un tutù dé ìwọ̀n 271 nísàlẹ̀ òdo, níbi tí waya náà kì í ti í dènà iná rárá. Àmọ́ bí ibi kékeré kan bá gbóná díẹ̀ péré, wàhálà dé.

Ó dé lóòótọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2008, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí ayé bá wọn yọ̀ pé ẹ̀rọ náà ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ń dán apá tí ó kẹ́yìn nínú apá mẹ́jọ ẹ̀rọ náà wò. Iná ti dé nǹkan bí ámpíà 8,700, nígbà tí ojú ìsopọ̀ kan ṣoṣo láàárín òòfà méjì, tí kò lẹ̀ mọ́ra dáadáa, gbóná, tí ó yọ́, tí iná sì fò gba àlàfo náà, tí ó dá ihò sára ilé hílíọ́ọ̀mù. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́fà hílíọ́ọ̀mù tú jáde, ó sì ti àwọn òòfà kúrò lórí ìjókòó wọn. Òòfà 53 ni wọ́n gbé jáde, oṣù mẹ́rìnlá sì kọjá kí ẹ̀rọ tó tún ṣiṣẹ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn onímọ̀ iná a kọ́kọ́ wò ó bóyá waya kan fara kan ilẹ̀. Wọn a fi iná díẹ̀ sí i, wọn a dúró, wọn a tún fi kún un. Wọn a sì mọ̀ọ́mọ̀ já a lójijì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ aláàbò kò sùn. Bí iná bá ti pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sí nínú ihò náà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ẹ̀rún irin kan há sí ibi tí kò yẹ, ó sì so iná mọ́ ilẹ̀. Wọ́n tètè rí i. Wọ́n rán iná bí ámpíà 400 sí i fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, irin náà sì jó dànù. Ọjọ́ bíi mẹ́wàá ni èyí gbà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe oṣù mẹ́rìnlá.