Ẹ̀gùn Ọdẹ Tí Kò Ní Gbòǹgbò

Ọdẹ ilẹ̀ wa tó bá fẹ́ dẹ̀gùn, igi ńlá ló máa ń wá. Á to ọ̀pá sáàárín ẹ̀ka tó lágbára, á fi ìtàkùn dì í pinpin, á gòkè lọ lúgọ. Ìjì kì í sábà jẹ́ ìṣòro rẹ̀, nítorí gbòǹgbò igi ti bá a ṣe iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní gúúsù Texas, ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Igi mesquite ló pọ̀ nínú igbó ibẹ̀, kúkúrú ni, kò ṣeé dẹ̀gùn sí. Àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín wá ń kan ẹ̀gùn wọn láti ilẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́rin, àkàsọ̀ kan, àti yàrá kékeré onípákó tàbí oníke lókè, tó ní fèrèsé tóóró yíká. Gbòǹgbò tí igi ì bá fún un, ọdẹ fúnra rẹ̀ ni yóò wá a.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣí àkókò ìdọdẹ àgbọ̀nrín pẹ̀lú ìbọn ní ọ̀pọ̀ ibi ní Texas. Àkókò ìjì líle orí òkun Àtìláńtíìkì sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá kó tó parí. Ẹ̀gùn tí a bá gbé dúró láàárín ọdún yóò bá ìjì pàdé kó tó bá àgbọ̀nrín pàdé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ènìyàn máa ń gbẹ́kẹ̀ lé ìwúwo ẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní yàrá orí ẹ̀gùn jẹ́ mítà 1.8 níbùú àti lóròó, ilẹ̀ yàrá náà fi mítà 3 ga sókè, gbogbo rẹ̀ wúwo tó kìlógíráàmù 300, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà 2.4 jìnnà síra. Atẹ́gùn tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan yóò fi agbára tó sún mọ́ kìlógíráàmù 50 tì í. Bí eré atẹ́gùn náà bá di 100, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára yẹn yóò dà, ìyẹn bíi 190. Òkè ló sì ti ń tì í, níbi tí títì ti máa ń dun ohun tó dúró lórí ẹsẹ̀. Bí a ò bá de irú ẹ̀gùn yìí, bí atẹ́gùn bá ti tó 70, ó ti fẹ́ ṣubú nìyẹn.

Bó ṣe máa ń ṣubú náà ló yẹ ká wò. Ẹsẹ̀ méjì tó kọjú sí atẹ́gùn ló máa ń kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, ẹ̀gùn yóò wá yí lé ẹsẹ̀ méjì tó kù. Ìdè tí a ń wá ni èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ fà tu. Nínú ìṣirò wa yìí, tí atẹ́gùn bá tó 100, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lápá ibẹ̀ nílò ohun tó lè dì í mú pẹ̀lú kìlógíráàmù 80. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ọ̀pá irin gbọọrọ tí a kàn fi òòlù gbá wọlẹ̀ kò tó. Bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ rọ̀, yíyọ ni yóò yọ. Èyí tó dára ni ọ̀pá irin tó ní abẹ yíyí bíi ti skúrù nísàlẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń de àwọn ilé tó ṣeé wọ́ kiri. A ó ki irin kan bọ ojú rẹ̀ lókè, a ó máa yí i wọlẹ̀ títí yóò fi rì tán. Ilẹ̀ yanrìn fẹ́ èyí tó gùn ju mítà kan lọ. Àmọ́ ní àárín gbùngbùn Texas, ibi tí òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀ tín-ín-rín, kò ní wọlẹ̀ rárá. Òkúta náà ni wọ́n ń lu, tí wọ́n á fi sìmẹ́ńtì mọ rọ́ọ̀dù sínú ihò rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀gùn òun wà níbì kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó da kọnkéré. Ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó jìn ní 75, yóò gba kọnkéré tó wúwo ju kìlógíráàmù 120 lọ. Ẹ má ri ẹsẹ̀ pákó sínú rẹ̀, nítorí omi yóò dúró tì í, yóò sì jẹrà. Ẹ jẹ́ kí irin yọrí jáde látinú kọnkéré, kí ẹ wá fi bóòtù tí wọ́n fi síǹkì bò de pákó mọ́ ọn. Oògùn bàbà tí wọ́n fi ń tọ́jú pákó máa ń jẹ irin lásán run. Ní Minnesota, níbi tí òtútù ti ń sọ ilẹ̀ di yìnyín, ihò gbọ́dọ̀ jìn ju mítà kan lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yìnyín yóò ti kọnkéré náà sókè.

Bí ẹ bá fi wáyà kún un, ẹ fà á láti igun òkè kó dagun wálẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ẹ̀gùn tó bí òkè rẹ̀ ṣe ga. Ẹ kíyè sí ìdè wáyà dáadáa. Ó ní ìjókòó, ó ní irin tó tẹ̀ kọdọrọ. Ìjókòó ni kó wà lára wáyà gígùn tó ń gbé ẹrù, kí irin kọdọrọ wà lára ìrù wáyà tí a ṣẹ́ padà. Ẹ lo mẹ́ta, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dè é sódì, irin náà á sì tẹ wáyà fọ́.

Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ níbikíbi ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 811. Ọ̀fẹ́ ni, wọn yóò sì wá sàmì sí ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà iná gbà kọjá. Bí màlúù bá ń jẹko níbẹ̀, ẹ ṣe ọgbà yí ẹsẹ̀ ẹ̀gùn ká, torí wọ́n máa ń ha ara mọ́ ọn títí bóòtù á fi dẹ̀. Ẹ ti fèrèsé pa kí ẹ tó kúrò. Atẹ́gùn tó bá wọlé láti iwájú, òrùlé ni yóò gbé.

Lọ́dọọdún, kí àkókò ọdẹ tó dé, ẹ fún gbogbo bóòtù le, kí ẹ sì dúró nílẹ̀ fi gbogbo agbára mi ẹ̀gùn náà. Bó bá mì, ẹ má gùn ún. Bí kò bá mì, ẹ yọ ọta ìbọn, ẹ fi okùn fà á gòkè lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó tán.